Káàdì Kan, Ọwọ́ Méjì

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún, 2025

Bólúwají pè mí láàárọ̀ yìí, ọwọ́ mi ṣì wà nínú ọṣẹ abọ́. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwa tí à ń kọ kóòdù láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Ó ní Ẹ̀pẹ́ ni ìpàdé tọdún yìí, ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje, òun sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní káàdì tiwọn kí ọjọ́ náà tó pé. Kì í ṣe káàdì ìdánimọ̀. Káàdì aláràbarà tí èèyàn lè gbé sórí Wásáàpù ni, tí ẹni tí kò mọ kóòdù rárá yóò wò lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì rí iṣẹ́ tí ẹni náà ti ń ṣe láti ọdún dé ọdún. Orúkọ tí kálukú ń lò níbi tí a ń kó kóòdù wa sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọn yóò fún mi. Ẹ̀rọ tí mo bá kọ ni yóò lọ ka ìyókù, òun náà ni yóò yà á.

Mo ní ó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Láti oṣù Kejì tí ilé iṣẹ́ wa ti ní kí àwa mọ́kànlá máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí ní iṣẹ́ kan. Bàbá Ṣìmí, ọkọ mi, nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ilé yìí. Ìdájí ló ń jáde lọ sí Èkó, tó bá sì fi máa wọlé, Ṣìmí ti sùn.

Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ ilé ìwé ọmọ ò gbẹ.

Ọjọ́rú, 14

Iná wà láti aago mẹ́sàn-án títí di mẹ́rin. Mo ṣe bí ẹni tí wọ́n dá nídè. Ẹ̀rọ ti ń ka pírófáìlì báyìí, ojú ewé tí iṣẹ́ kálukú wà. Ó ń ya àpótí kékeré kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ọdún. Ọjọ́ tí èèyàn bá ṣiṣẹ́, àpótí rẹ̀ á gba àwọ̀ ewé. Bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ náà á ṣe ki tó. Ọjọ́ tí kò bá ṣe nǹkan kan, á dúró ní àwọ̀ eérú.

Àbámẹ́ta, 17

Tèmi ni mo kọ́kọ́ yà, kí n fi dán an wò. Mo pe Bàbá Ṣìmí kó wá wò ó. Ó ní ó jọ ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán. Ó ní kí ni ọdún tó dúdú bí oko ẹ̀gẹ́ lásìkò òjò yìí. Mo ní 2016 ni, ọdún tí a ṣe Àmì.

Mi ò ronú kan Àmì tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan ni: kí ẹni tó ń tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, kó sì fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ láìṣe wàhálà. Àwọn èèyàn ìlú òkè òkun ló kọ́kọ́ ń lò ó kí àwa níbí tó mọ̀ pé ó wà. Inú yàrá méjì tí bàbá mi háyà ní Lásùnwọ̀n la ti ṣe é, èmi àti Kabir. Kabir, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, àlòkù tí bàbá mi rà fún mi nígbà tí mo jáde ìwé. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí wọ́n bá mú iná, a óò gbé e sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀, a óò sì jókòó sáàárín irun, a óò máa kọ kóòdù. Bí ó bá gbóná jù, orí abọ́ páànù tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ la máa ń gbé e lé. Bàbá mi á yọjú, á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn náà sinmi." Gààrí la máa ń mu, pẹ̀lú ẹja yíyan tí ìyá Kabir bá fi ránṣẹ́ láti Ọjà Olúwo. Mi ò tíì jẹ ẹja tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé ebi ló ń mú un dùn.

Mo gbé káàdì náà sórí Wásáàpù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, àwọn tí mi ò mọ̀ ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ìṣẹ́gun, 20

Káàdì mọ́kànlá ni mo yà lónìí. Wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n orúkọ ò jáde dáadáa. Àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ ń já bọ́. Ọ̀gbẹ́ni Oríyọmí, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, pè mí pé ihò ló wà láàárín orúkọ òun, pé bóyá eku ló jẹ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe sí i.

Ọjọ́bọ̀, 22

Arábìnrin kan pè mí, Mojúbàolú lórúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwé kíkà Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé ìwé lórí fóònù. Ó ní ẹnìkan fi káàdì mi ránṣẹ́ sí òun, òun sì rí orúkọ Àmì lábẹ́ ọdún 2016 níbẹ̀, ohun tí òun ti ń wá nìyẹn. Ó ní òun nílò ẹni tí yóò ṣe olórí àwọn tó ń kọ kóòdù lọ́dọ̀ àwọn. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sì fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní, "Ìwọ gan-an lo kọ Àmì?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọjọ́ Kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀ ni kí n wá rí wọn. Mo sọ fún Bàbá Ṣìmí lórí fóònù. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "A dúpẹ́." Mo gbọ́ ọ lára ohùn rẹ̀ bí ó ti rẹ̀ ẹ́ tó.

Àìkú, 25

Òjò ò jẹ́ kí a lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dín àkàrà.

Ọjọ́ Ajé, 26

Bí mo ṣe ń wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ orúkọ, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n ṣí kóòdù Àmì. Ìṣòro kan náà ni, a sì ti yanjú rẹ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mi ò tíì ṣí i láti ìgbà tí mo ti bí Ṣìmí.

Kabir ló kún inú rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sáàárín kóòdù fún mi, bí ẹni ń fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì. "Dùnsìn, má fọwọ́ kan ibí. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ ìdí." Síwájú díẹ̀: "Mo ń lọ kírun Jímọ̀, mo ń bọ̀." Níbòmíràn: "Ìwọ lo jẹ ẹja mi." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo dá jókòó sínú yàrá, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ará Ẹ̀pẹ́ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Ibi tó ti yanjú ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìlà mẹ́rìnlá péré. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ya káàdì, gbogbo orúkọ sì jáde ṣáká. Ọ̀gbẹ́ni Oríyọmí ní kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ mi.

Ọwọ́ mi.

Ọjọ́rú, 28

Bólúwají ní àwọn kan fẹ́ kí káàdì máa fi wákàtí hàn pẹ̀lú, kí ayé lè mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Mo ṣe é. Ọjọ́ méje lọ sísàlẹ̀, wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí á ki.

Mo fi ọdún 2016 mi dán an wò.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ṣófo. Láti aago méjìlá àbọ̀ títí dé méjì àbọ̀, kò sí ìlà kan ní gbogbo ọdún. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni iṣẹ́ pọ̀ jù sí. Bẹ́ẹ̀, inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo máa ń wà láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Yàtọ̀ sí ọ̀sán Ẹtì yẹn, láti Ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀; wákàtí yẹn sì ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ìṣirò ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà. Mo ń kọ́ ọmọ, Kabir wà nídìí láptọ́ọ̀pù mi. Orúkọ tí ẹ̀rọ bá mọ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀. Orúkọ mi ló mọ̀.

Bí mo bá ní mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àwòrán rẹ̀ rí.

Mo pa fèrèsé kọ̀ǹpútà náà dé. Mo lọ ká aṣọ.

Àìkú, 1 Oṣù Kẹfà

Mo fẹ́ kọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní 2017, ilé iṣẹ́ kan ní Èkó rí Àmì, wọ́n sì pè mí. Orúkọ mi nìkan ni wọ́n rí, èmi nìkan ni wọ́n pè. Kabir ló bá mi lọ aṣọ tí mo wọ̀. Àwọn mẹ́ta ló jókòó síwájú mi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ta ni mo bá kọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Bóyá bí yàrá náà ṣe tutù ni, bóyá bí bàbá mi ṣe ń ṣàìsàn ni. Mo ní èmi nìkan ni. Wọ́n gbà mí. Nígbà tí mo délé, Kabir ti ra sóòdà kalẹ̀. Ó bi mí bí ó ṣe lọ, mo ní ó lọ dáadáa. A mu sóòdà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ kú, ó padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ gba iṣẹ́ ẹja yíyan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. A kò jà. Ìpè kàn ń jìnnà síra wọn ni, títí tó fi ku ìkíni Iléyá àti Kérésì.

Lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo sọ ọ́ fún Bàbá Ṣìmí, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Láptọ́ọ̀pù bàbá rẹ ni. Inú ilé bàbá rẹ ni. Ṣé irọ́ ni pé ìwọ náà kọ nínú rẹ̀?"

Mo ní kì í ṣe irọ́.

"Ìyá Ṣìmí, ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ ló kù kí wọ́n rí ọ. Ó ti rẹ̀ mí." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò pariwo. Ó dìde, ó lọ bá Ṣìmí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Mi ò lè bínú sí i.

Ìṣẹ́gun, 3

Pẹtiróò tún gbówó lórí. Káàdì mẹ́tàlélógún ti jáde. Mi ò ṣe nǹkan mìíràn.

Àbámẹ́ta, 7

Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Mo sọ fún Bàbá Ṣìmí pé mo fẹ́ lọ kí Kabir kú ọdún Iléyá. Ó wò mí, ó ní kí n mú agboòrùn. Òjò bá wa dé Ìtóìkín, ó ń rọ̀ wọnú ọkọ̀ láti ojú fèrèsé tí kò ṣeé tì. Nígbà tí a fi máa dé Ẹ̀pẹ́, ó ti dá, oòrùn sì ti yọ lórí ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni wọ́n tì ní Ọjà Olúwo nítorí ọdún, ṣùgbọ́n òórùn ẹja yíyan ò lọ sí ìsinmi. Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà ilé wọn. Mo ti tẹ̀ lé e wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà yẹn, nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé.

Mardiyah ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí, ẹ kú ọdún," ó sì bu ẹran fún mi kó tó bi mí ní orúkọ. Kabir wà lẹ́yìnkùlé nídìí ààrò tó fi irin ṣe fúnra rẹ̀, àgbá mẹ́rin tó tò léra, ó ń yí ẹja. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó wò mí, ó nu ọwọ́, ó ní, "Dùnsìn, o ti di ìyá ọlọ́mọ." A rẹ́rìn-ín. A bi ara wa léèrè àwọn ará ilé. Ó ní ìyá òun wà nínú ilé, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Mo wọlé lọ kí wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń pè mí ní ọmọ Bàbá Ìkìrun, wọ́n ní ṣé ara bàbá mi le. Ọdún kẹfà nìyí tí bàbá mi ti kú. Mo ní ara wọn le, mà.

Nígbà tí mo padà jáde, mo fi káàdì náà han Kabir lórí fóònù mi, èyí tó ní wákàtí. Mi ò ṣàlàyé. Kò pẹ́ tó fi kà á. Ìka rẹ̀ dúró lórí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ṣófo, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi nì yìí." Ó tún wò ó. "Ọlọ́run mi, mo ṣiṣẹ́ o."

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún un. Mo ní, "Kabir, nígbà tí wọ́n pè mí ní Èkó lọ́jọ́ kìíní, wọ́n bi mí pé ta ni mo bá kọ Àmì. Mo ní èmi nìkan ni."

Ẹ̀rín rẹ̀ kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kàn ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dá fóònù mi padà fún mi. Ó yíjú sí ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹja tó ti yí tẹ́lẹ̀.

"Wọ́n bi ọ́?"

"Wọ́n bi mí."

"Mo rò pé wọn ò bi ọ́ ni," ó ní. "Láti ọdún mẹ́jọ yìí wá, ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé, bí wọ́n bá bi ọ́ ni, wàá dárúkọ mi."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ gbogbo ohun tí mo sọ. Mo sọ fún un nípa Arábìnrin Mojúbàolú, mo ní mo máa kọ̀wé sí wọn, mo máa fi orúkọ rẹ̀ sí ibi tó yẹ nínú Àmì, mo ní káàdì rẹ̀ náà máa jáde. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ohun tó bá wù mí ni kí n kọ síbẹ̀. Ẹja ni òun ń yan báyìí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ì bá wù mí kó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú.

Ó sìn mí dé ibùdókọ̀. Ó di ẹja fún mi nínú ọ̀rá, mi ò sì lè kọ̀ ọ́. Ní gbogbo ọ̀nà dé Ìkòròdú, orí ẹsẹ̀ mi ni mo gbé e lé, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọjọ́ Ajé, 9

Ọlidé ọdún. Bàbá Ṣìmí wà nílé. Ó jẹ nínú ẹja náà, ó ní ẹni tó yan èyí mọṣẹ́. Ó ti mọ ẹni tó yan án. Mo rò pé bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 11

Mo kọ ímeèlì sí Arábìnrin Mojúbàolú. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́ gùn jù, ó kún fún àwíjàre: àìsàn bàbá mi, àìtó láptọ́ọ̀pù, pé mo ṣì kéré nígbà náà. Mo ń yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ìlà mẹ́fà. Mo ní àwa méjì la kọ Àmì, pé ọwọ́ ẹnìkejì mi pọ̀ nínú rẹ̀ ju tèmi lọ, pé Kabir lórúkọ rẹ̀, pé mo ti purọ́ nípa rẹ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, mo sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa irọ́ náà lọ́dọ̀ wọn. Mo ní bí wọn ò bá fẹ́ rí mi lọ́jọ́ Ẹtì mọ́, ó yé mi.

Bàbá Ṣìmí ti wọlé. Mo fún un kó kà á. Ó dúró, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Fi ránṣẹ́," ó ní, "kí n tó tún un rò."

Mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 12

Wọ́n dáhùn láàárọ̀ kùtù. Kí n má ì wá ná. Àwọn yóò pè mí.

Ìṣẹ́gun, 17

Kò sẹ́ni tó pè.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya iṣẹ́ ọdún 2016 sọ́tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 618 ni a tọ́jú iṣẹ́ pa mọ́ lọ́dún náà. Wákàtí ló ń ràn mí lọ́wọ́, àti ọjọ́, àti ọ̀rọ̀ tó kọ sáàárín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ gan-an ni mo fi ń mọ̀ ọ́n jù. Kabir kì í fi nǹkan gùn; ìlà mẹ́ta ni òun á fi ṣe ohun tí èmi máa fi mẹ́wàá ṣe. Èmi a máa fún nǹkan ní orúkọ gígùn. Bí mo ṣe ń kà á, mo ń rántí ọjọ́ mìíràn pàápàá: ọjọ́ tí ẹ̀fúùfù ká páànù ọgbà náà, tí a gbé láptọ́ọ̀pù sá wọ abẹ́ ibùsùn, ọjọ́ tí Kabir kọ́kọ́ rí i pé ẹnìkan ní Brazil ń lo Àmì, tó sáré jáde lọ sọ fún onígbàjámọ̀. Àwọn kan wà tí mi ò lè sọ pé ta ló kọ wọ́n. Mo jẹ́ kí wọ́n dúró ní àwọ̀ eérú.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Ó parí. 402 jẹ́ ti Kabir, 159 jẹ́ tèmi, 57 ni mi ò mọ ẹni tó ni wọ́n. Mo kọ orúkọ àwa méjèèjì sí iwájú Àmì níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, tirẹ̀ ló ṣíwájú. Mo tún ẹ̀rọ káàdì kọ kó lè máa ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó dá mi lójú pé kì í ṣe àwa méjì nìkan la ti lo láptọ́ọ̀pù kan rí.

Kabir ní orúkọ tirẹ̀ níbi ìkó-kóòdù-sí. Ó ti ṣí i láti 2016, kò lò ó rí. Gbogbo ọdún rẹ̀ jẹ́ eérú títí di òní. Mo ní kí ẹ̀rọ yà á. Àwọ̀ aró ni mo fún un. Bí àpótí wọ̀nyẹn ṣe ń kún lọ́kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, mi ò lè jókòó. Mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó rí i. Kò fèsì.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje

Ìpàdé Ẹ̀pẹ́. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wá, káàdì mẹ́tàlélógójì ló sì wà. Wọ́n ń fi han ara wọn bí àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé èsì ìdánwò jáde. Ọ̀gbẹ́ni Oríyọmí ti ya tirẹ̀ sára ife.

Bólúwají pè mí síwájú. Òun ti fẹ́ kí wọ́n fi káàdì tèmi hàn lójú ògiri, èyí tó dúdú bí oko ẹ̀gẹ́. Mo ti sọ fún un ní òwúrọ̀ pé ó ti yàtọ̀. Mo gbé tuntun sókè: ọdún 2016 kan náà, aró àti ewé àti eérú, aró ló gba ojú jù. Mo ní ẹni tó ni aró ni Kabir, ọmọ Ẹ̀pẹ́ níbí, pé láti ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ ti ń yìn mí fún iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ń gbà á. Ẹnìkan ní iwájú tẹjú mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ dìde lẹ́yìn, ó ní òun náà ní ẹnìkan tí òun gbọ́dọ̀ pè, ó sì jáde tòun ti fóònù lọ́wọ́.

Kabir ò wá. Nígbà tí a ń jáde ni ẹnìkan fọwọ́ kàn mí lápá. Mardiyah ni, ó wọ híjáàbù aláwọ̀ búlúù. Ó ti ká gbogbo ọ̀rọ̀ mi sórí fóònù rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, ọdún kẹfà rèé, mi ò mọ̀ pé ọkọ mi ṣe nǹkan báyìí rí." Ó wo fóònù náà, ó tún wò mí. "Ó ní kí n má sọ fún yín pé òun ló rán mi wá o."

Ìṣẹ́gun, 15

Arábìnrin Mojúbàolú pè. Ó ní àwọn ti mú ẹlòmíràn ṣe olórí. Ó ní àwọn kan níbẹ̀ ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ mi mọ́ rárá, ṣùgbọ́n òun ní kí n wá ṣe òṣìṣẹ́ lásán fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi wò mí. Ó ní, "Ẹni tó kọ ìlà mẹ́fà yẹn, mo lè bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní 'Bẹ́ẹ̀ ni, mà' lórí fóònù, mi ò tíì mọ̀ ọ́n." Mo dúpẹ́. Ó ní àwọn ti pe Kabir pẹ̀lú, ó sì dá àwọn lóhùn pé òun ò ní kúrò ní Ẹ̀pẹ́, pé kí wọ́n má sì torí irọ́ ọjọ́ yẹn kọ Dùnsìn.

Mo ní kí ó jọ̀wọ́ tún un sọ. Ó tún un sọ.

Bàbá Ṣìmí ra ẹ̀pà sísè wálé. A jókòó síta, a jẹ ẹ́ títí ẹ̀fọn fi lé wa wọlé.

Àìkú, 27

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo ti lọ aṣọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni fóònù mi dún. Kabir ni. Kò kí mi pẹ́. Ó ní òun ń fi Àmì tẹ orúkọ oríṣiríṣi ẹja tí àwọn fẹ́ lẹ̀ mọ́ páálí ọjà, òun sì rí i pé bí èèyàn bá fi àmì sórí ẹ, tó wá pa àmì náà rẹ́, àmì abẹ́ rẹ̀ náà ń bá a lọ. Ó ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti ń rò ó láti àná, oúnjẹ ò wọ òun lẹ́nu.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni àṣìṣe yìí ti wà níbẹ̀, Dùnsìn. Tèmi sì ni."

Mo ní kò burú, kó dúró díẹ̀ kí n ṣí kọ̀ǹpútà mi, kí a jọ wò ó.

Ó ní òun ti ṣí tòun.